Ẹ̀jẹ̀ àti Omijé Lójú Àlá: Bí Onígbàgbọ́ Ṣe Lè Túmọ̀ Wọn Láìṣìnà

Nínú àwọn ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń gbé tọ àlùfáà wọn lọ lẹ́yìn ìsìn, ìbéèrè nípa àlá kì í gbẹ́yìn. Oríṣi àlá méjì ni ó sì máa ń dá ẹ̀rù sílẹ̀ jù lọ: èyí tí ènìyàn ti rí ẹ̀jẹ̀, àti èyí tí ènìyàn ti sunkún títí tí ó fi jí, tí irọ̀rí rẹ̀ sì tutù fún omijé.

Ní Odogbolu, ní Ìjẹ̀bú-Òde, àti ní gbogbo agbègbè wa, ẹni tí ó bá lá irú àlá bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ rí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Aládùúgbò kan yóò sọ pé ikú ni ẹ̀jẹ̀. Èkejì yóò sọ pé ìṣẹ́gun ni. Ẹnì kẹta yóò rẹ ohùn sílẹ̀, yóò sì dárúkọ ìyá arúgbó kan nínú agbo ilé pé òun ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ìtumọ̀ kẹta yìí ti tú ilé púpọ̀ ká. Ó ti sọ ọmọ di ọ̀tá ìyá rẹ̀, ó sì ti mú kí ẹni tí ó yẹ kí ó lọ sí ilé ìwòsàn jókòó sílé títí àìsàn fi wọ̀ ọ́ lára.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tí a fẹ́ kí olùkàwé dì mú ni pé ẹ̀jẹ̀ àti omijé kò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo lójú àlá, àti pé àlá lè pe ènìyàn sí àdúrà, sí ìrònúpìwàdà tàbí sí ìtọ́jú ara, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí tí a lè fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

ÀLÁ NÍNÚ ÌWÉ MÍMỌ́

Bíbélì kò fojú tẹ́ńbẹ́lú àlá. Ọlọ́run kìlọ̀ fún Ábímélékì lójú àlá nípa Sárà (Gẹ́nẹ́sísì 20). Jósẹ́fù ọkọ Màríà gba ìtọ́sọ́nà lójú àlá nígbà mẹ́rin nínú orí méjì péré (Mátíù 1:20, 2:13, 19, 22). Aya Pílátù jẹ ìyà púpọ̀ lójú àlá nítorí Jésù, ó sì ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ kò tẹ̀ lé ìmọ̀ràn rẹ̀ (Mátíù 27:19). Wòlíì Jóẹ́lì sì sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn arúgbó yóò máa lá àlá nígbà tí a bá tú Ẹ̀mí jáde, ọ̀rọ̀ tí Pétérù tún sọ ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì (Jóẹ́lì 2:28, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 2:17).

Bíbélì kan náà ni ó sì kìlọ̀ fún wa. Oníwàásù 5:3 fi yé wa pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àti làálàá a máa bí àlá. Deutarónómì 13 kìlọ̀ nípa alálàá tí àmì rẹ̀ ṣẹ, ṣùgbọ́n tí ó ń darí àwọn ènìyàn kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Jeremáyà 23 bá àwọn wòlíì tí ń fi àlá tiwọn tan àwọn ènìyàn jẹ wí, ó sì fi àlá wé ìyàngbò, ó fi ọ̀rọ̀ Olúwa wé àlìkámà. Nítorí náà, àlá lè ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá, ó lè ti inú ọkàn àti ara tí ó rẹ̀ wá, ó sì lè jẹ́ ohun tí a fi ń tan ni. Àwọn àgbà wa kò ṣàì mọ èyí nígbà tí wọ́n sọ pé àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé. Ohun tí ó wà nínú ẹni ni ó pọ̀ nínú ohun tí ẹni ń lá.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ìwà àwọn atúmọ̀ àlá méjì tí Bíbélì yìn. Jósẹ́fù kọ́kọ́ jẹ́ kí ó yé àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ti Ọlọ́run ni ìtumọ̀ (Gẹ́nẹ́sísì 40:8). Dáníẹ́lì kò dá ọ̀rọ̀ àlá Nebukadinésárì túmọ̀ láìgbàdúrà: ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n jọ tọrọ àánú (Dáníẹ́lì 2:17-18). Nígbà tí ìtumọ̀ sì dé, ohun àkọ́kọ́ tí ó bẹ̀ ni pé kí a má ṣe pa àwọn amòye Bábílónì (Dáníẹ́lì 2:24). Ìtumọ̀ àlá tí ó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá gba ẹ̀mí là níbẹ̀. Kò fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni sínú ewu.

Ẹ̀JẸ̀

Ẹ̀jẹ̀ ní ìtumọ̀ púpọ̀ nínú Ìwé Mímọ́. Léfítíkù 17:11 kọ́ wa pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀mí ẹran ara wà. Ẹ̀jẹ̀ Ábẹ́lì ké láti inú ilẹ̀ wá, ó jẹ́ ẹ̀rí ìpànìyàn (Gẹ́nẹ́sísì 4:10). Nínú Ẹ́kísódù orí 7, omi Náílì di ẹ̀jẹ̀, ìdájọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní orí 12 ìwé kan náà, ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́-àgùntàn lára òpó ilẹ̀kùn di ààbò. Nínú Májẹ̀mú Titun, ẹ̀jẹ̀ Kristi jẹ́ ti májẹ̀mú àti ìràpadà (Mátíù 26:28, Hébérù 9). Ẹni tí ó bá ní ìtumọ̀ kan péré ni ẹ̀jẹ̀ ní, ojú ewé mélòó kan péré ni ó kà nínú Bíbélì rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú èdè àti ìgbésí ayé wa. A ń pe ìtàjẹ̀sílẹ̀ ní ohun ìríra. A sì ń pe ìbátan ní ẹ̀jẹ̀ kan náà. Ìyá kò lè bímọ láìsí ẹ̀jẹ̀, ọmọ tuntun ni àwọn àgbà sì ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ọ̀run. Ohun kan náà tí ó ń dẹ́rù bani lójú ìjàǹbá ni ó jẹ́ àmì ìyè ní yàrá ìgbẹ̀bí.

Bíbélì tilẹ̀ fi ìtàn méjì hàn wá nípa àwọn tí wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ ní ojúmọmọ, tí wọ́n sì ṣi ìtumọ̀ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Jákọ́bù. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ẹ̀wù Jósẹ́fù bọ inú ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́, wọ́n sì gbé e wá fún un. Bàbá náà wo ẹ̀jẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ parí ọ̀rọ̀ pé ẹranko búburú ti pa ọmọ òun jẹ (Gẹ́nẹ́sísì 37:31-35). Ọmọ ọdún 17 ni Jósẹ́fù nígbà náà. Ó pé ọdún 30 nígbà tí ó dúró níwájú Fáráò. Ọdún 7 ọ̀pọ̀ oúnjẹ kọjá, ọdún 2 ìyàn sì kọjá kí ó tó fi ara rẹ̀ han àwọn arákùnrin rẹ̀. Bí a bá ro ó pọ̀, nǹkan bí ọdún 22 ni Jákọ́bù fi ṣọ̀fọ̀ ọmọ tí ó wà láàyè, nítorí ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ tí a túmọ̀ sódì.

Èkejì ni àwọn ará Móábù (2 Àwọn Ọba 3:20-24). Ní òwúrọ̀, oòrùn ràn sórí omi, omi náà sì pọ́n lójú wọn bí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọba tí wọ́n gbógun ti àwọn ti pa ara wọn, wọ́n sì sáré lọ láti kó ìkógun. Omi ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìtumọ̀ òdì náà ni ó sì ṣẹ́gun wọn. Jákọ́bù rí ẹ̀jẹ̀, ó sọ ìrètí nù. Móábù rí ohun tí ó jọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n yọ̀ jù. Bí ènìyàn bá lè ṣi ìtumọ̀ ẹ̀jẹ̀ báyìí lójú ayé, mélòómélòó ni lójú àlá.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe sábà máa ń hàn lójú àlá, àti ohun tí ó yẹ kí a ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ̀jẹ̀ tí ń jáde lára ẹni. Kí ènìyàn kọ́kọ́ wo ara rẹ̀. Ǹjẹ́ èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí imú? Ǹjẹ́ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, tàbí ó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ? Ǹjẹ́ obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń bọ̀ ni? Ohun tí ara ń gbọ́ lójú oorun a máa wọ inú àlá. Bí ó bá jí tí ó rí ẹ̀jẹ̀ gidi lórí irọ̀rí, nínú ìgbẹ́ tàbí nínú itọ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ó kọ́kọ́ lọ.

2. Ẹ̀jẹ̀ lójú àlá aláboyún. Àlá yìí wọ́pọ̀, ó sì ń dẹ́rù bà wọ́n gan-an. Ọkàn tí ó ń ṣàníyàn lórí oyún yóò lá àlá nípa oyún. Àlá náà nìkan kò fi hàn pé oyún yóò bàjẹ́. Kí ó gbàdúrà, kí ó má sì pa ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì dá fún un jẹ. Ṣùgbọ́n bí aláboyún bá rí ẹ̀jẹ̀ lójú ayé, bó ti wù kí ó kéré mọ, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kí a má ṣe kọ́kọ́ gbé e lọ fún ìtumọ̀ àlá.

3. Ẹ̀jẹ̀ lára ẹlòmíràn. Bí o bá rí ọmọ tàbí arákùnrin rẹ nínú ẹ̀jẹ̀, gbàdúrà fún un, kí o sì bá a sọ̀rọ̀ láti béèrè àlàáfíà rẹ̀. Kò sí ìdí láti sọ fún un pé ó ń bọ̀ wá kú. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè di ẹrù lọ́kàn ẹni tí a sọ ọ́ fún, kí oorun sì dá lójú òun náà.

4. Ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ara ẹni. Àìsáyà 1:15-18 sọ ti ọwọ́ tí ó kún fún ẹ̀jẹ̀ àti ti ìwẹ̀nùmọ́ tí Ọlọ́run ṣèlérí. Irú àlá yìí lè jẹ́ ẹ̀rí ọkàn tí ń sọ̀rọ̀. Kí alálàá bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí ó ṣẹ̀, owó tí kò san, ìjà tí kò parí. Níhìn-ín, ara rẹ̀ ni kí ó yẹ̀ wò, kì í ṣe ará ilé rẹ̀.

5. Ẹ̀jẹ̀ ẹran. Ní àkókò Kérésìmesì, Ọdún Iléyá tàbí ìnáwó, tí a ti pa ẹran níwájú ẹni, kò yẹ kí àlá ẹ̀jẹ̀ jọni lójú. Ohun tí ojú rí ní ọ̀sán ni ọkàn tún ń wò ní òru.

OMIJÉ

Èdè wa mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹkún àti omijé. Ẹkún ní ohùn. Omijé lè ṣàn láìsí ohùn kankan. Èdè wa tún mọ omijé ayọ̀. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ látijọ́, ìyàwó tí ó ń lọ sí ilé ọkọ a máa sun ẹkún ìyàwó ní ọjọ́ tí gbogbo ẹbí ń yọ̀ nítorí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àgbà gbà pé ìdàkejì ni àlá: ẹni tí ó bá sunkún lójú oorun yóò rẹ́rìn-ín, ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín yóò sunkún. Ìtumọ̀ yìí ti tu ènìyàn púpọ̀ nínú, a kò sì ní fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a sọ ọ́ di òfin. Orin Dáfídì 126 ṣèlérí ìkórè ayọ̀ fún àwọn tí ń fi omijé fúnrúgbìn. Ìlérí náà wà fún àwọn tí wọ́n ń fúnrúgbìn, tí wọn kò fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ nínú ìpọ́njú. Kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó bá sunkún lójú oorun yóò rí owó ní òwúrọ̀.

Nínú Bíbélì, omijé jẹ́ ti àdúrà: Hánà sunkún ní Ṣílò (1 Sámúẹ́lì 1), Ọlọ́run sì rí omijé Hesekáyà (2 Àwọn Ọba 20:5). Ó jẹ́ ti ìrònúpìwàdà: Pétérù jáde lọ sunkún kíkorò (Lúùkù 22:62). Ó jẹ́ ti ọ̀fọ̀ àti ti ìfẹ́: Jésù sunkún létí ibojì Lásárù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ pé òun yóò jí i dìde (Jòhánù 11). Nítorí náà omijé kì í ṣe àmì àìnígbàgbọ́, kì í sì í ṣe àmì ègún.

Ìtàn Ìjọ ní àpẹẹrẹ kan tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu gan-an, ilẹ̀ Áfíríkà ni ó sì ti wá. Mónííkà jẹ́ ìyá Augustine, ẹni tí a bí ní Tagaste, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Àlùjíríà lónìí, ní ọdún 354. Augustine yapa kúrò nínú ìgbàgbọ́ ìyá rẹ̀, ìyá náà sì ń sunkún lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Augustine fúnra rẹ̀ ròyìn nínú ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀ pé ìyá òun lá àlá kan. Ó rí ara rẹ̀ tí ó dúró lórí pákó gbọọrọ kan, ó sì ń ṣọ̀fọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ara rẹ̀ ń dán wá bá a, ó béèrè ìdí omijé rẹ̀. Nígbà tí ó dáhùn pé ìparun ọmọ òun ni òun ń sunkún lé lórí, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kí ó wò ó dáadáa: ibi tí ó dúró sí ni ọmọ rẹ̀ náà dúró sí. Ó sì wò, ó rí ọmọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó sọ àlá náà fún ọmọ rẹ̀, Augustine fẹ́ yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà pé ìyá ni yóò wá sí ibi tí òun wà. Mónííkà kò gbà. Lẹ́sẹ̀kan náà ni ó dá a lóhùn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sọ ọ́ fún òun. Síbẹ̀, nǹkan bí ọdún 9 ni ó tún fi gbàdúrà, tí ó sì fi sunkún, kí ọmọ rẹ̀ tó yí padà. Bíṣọ́ọ̀bù Ambrose ṣe ìrìbọmi fún Augustine ní Milan, ní àjíǹde ọdún 387. Ẹ ṣàkíyèsí ohun mẹ́ta: àlá náà kò mú kí ìyá náà dẹ́kun àdúrà, kò mú kí ó wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi fún ìṣìnà ọmọ rẹ̀, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó ṣẹ.

Lóde òní, omijé lójú àlá sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Opó tí ó rí ọkọ rẹ̀ lójú àlá tí ó sì sunkún kì í ṣe ẹni tí òkú ń dà láàmú. Ìbànújẹ́ tí kò tíì tán ni. Ó tún máa ń jẹ́ ti ọkùnrin tí a ti kọ́ láti kékeré pé akọ kì í sunkún: ohun tí kò lè sun lẹ́kún ní ọ̀sán, yóò sun ún lẹ́kún ní òru. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Omijé kò gbọdọ̀ dí wa lójú débi tí a kò fi ní rí ohun tí ó fà á.

OHUN TÍ ÌMỌ̀ NÍPA OORUN FI HÀN

Ní ọdún 1953, Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà kéde pé àsìkò kan wà nínú oorun tí ẹyinjú máa ń yí kiri kíákíá lábẹ́ ìpéǹpéjú. Àsìkò yìí ni àlá máa ń hàn kedere jù. Ó máa ń padà wá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 sí ara wọn, ó sì máa ń gùn sí i bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ bọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń rántí àlá ìdájí ju ti ọ̀gànjọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àlá ìdájí ni ó máa ń ṣẹ; òótọ́ ibẹ̀ ni pé òun ni ó gùn jù, òun sì ni a jí bá.

Àìsàn àti oògùn náà ń dá àlá sílẹ̀. Ibà a máa mú kí ènìyàn lá àlá tí kò lórí tí kò nídìí. Propranolol, tí a ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn, lè fa àlá burúkú fún àwọn kan. Bẹ́ẹ̀ ni mefloquine tí a ń lò fún ibà, àti efavirenz tí a lò fún ọ̀pọ̀ ọdún fún àwọn tí ó ní kòkòrò HIV. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó sọ fún dókítà, kí dókítà pinnu bóyá a lè yí i padà. Ẹni tí ó la ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí ìkọlù olè já pẹ̀lú lè máa rí ẹ̀jẹ̀ lójú oorun fún oṣù púpọ̀. Àìsàn tí a lè tọ́jú ni. Ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta ti wà láti nǹkan bí ọdún 1954 fún irú ìtọ́jú ọkàn bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe fún àwọn tí orí wọn dàrú pátápátá nìkan.

ÀLÁ NÍNÚ ÌTÀN ÌJỌ NÍ ILẸ̀ ÌJẸ̀BÚ

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ àlá sẹ́yìn. Àwọn ìjọ aládùúrà tí wọ́n ti tàn kárí ayé lónìí ní gbòǹgbò ní ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1918, nígbà tí àrùn gágá ń pa ènìyàn kárí ayé, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ fún àdúrà. Aṣáájú wọn ni J. B. Shadare. Ìtàn ìjọ sọ pé ọ̀kan nínú wọn lá àlá kan, nínú èyí tí ó rí ìjọ tí a pín sí ọ̀nà méjì: apá tí ó tóbi ṣókùnkùn, apá tí ó kéré sì mọ́lẹ̀. A fi yé e pé àwọn tí ń gbàdúrà ni ó wà ní apá tí ó mọ́lẹ̀. Sophia Odunlami, olùkọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, gba ìran ìwòsàn nígbà tí àrùn náà mú òun fúnra rẹ̀, ó sì ń gbàdúrà sí omi òjò fún àwọn aláìsàn. Wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Ní ọdún 1922, ọ̀nà wọn àti ti Ìjọ Áńgílíkà yà; ìgbẹ́kẹ̀lé wọn nínú àlá àti ìran wà lára ohun tí a jiyàn lé lórí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọdé àti oògùn.

Ẹ wo èso àlá náà. Àlá náà kò na ìka sí aládùúgbò kankan. Ó kó àwọn ènìyàn jọ sí orí eékún wọn. Ohun tí a lè jiyàn lé lórí títí di òní ni bí wọ́n ṣe kọ gbogbo oògùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n àlá náà kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Àpẹẹrẹ kejì ni ti Josiah Olunowo Ositelu ní Ògèrè Rẹ́mọ. Olùkọ́ àti katikíìsì Áńgílíkà ni. Ní òru ọjọ́ 17 Oṣù Karùn-ún ọdún 1925, ó rí ojú ńlá kan tí ń tàn bí oòrùn. Ẹ̀rù bà á, ó sì wá ìrànlọ́wọ́ káàkiri. Àgbà Kristẹni kan tí a ń pè ní Shomoye ni ó fi yé e pé Ọlọ́run ni ó ń pè é, ó sì gbà á nímọ̀ràn kí ó gbára lé ààwẹ̀, àdúrà àti Orin Dáfídì. Láti inú rẹ̀ ni Ìjọ Olúwa (Aládùúrà) ti wá ní ọdún 1930. Ositelu a máa kọ ìran àti àlá rẹ̀ sínú ìwé, àkọsílẹ̀ wọ̀nyí ni Harold Turner sì lò nígbà tí ó kọ ìwé ńlá rẹ̀ nípa ìjọ náà, tí ó jáde ní 1967. Ẹ̀kọ́ wà nínú ìwà yìí. Àlá tí a kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ kì í gùn sí i bí a ti ń tún un sọ, a sì lè padà wò ó bóyá ó ṣẹ tàbí kò ṣẹ.

NÍGBÀ TÍ ÀLÁ BÁ DI Ẹ̀SÙN

Ibi tí ewu wà jù nìyí. Ẹnì kan lá àlá pé òun ń ṣẹ̀jẹ̀, ó sì rí ojú ìyá ọkọ rẹ̀ nínú àlá náà. Ó gbé e lọ bá ẹni tí ń pe ara rẹ̀ ní aríran. Ìyẹn ní àjẹ́ ni ìyá náà. Láti ọjọ́ náà lọ, a kò ní jẹ oúnjẹ ìyá mọ́, a kò ní jẹ́ kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ọn, a lè tilẹ̀ lé e jáde. Ẹ̀rí wo ni a fi dá a lẹ́bi? Ojú rẹ̀ nínú oorun ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn tí a mọ̀ jù ni a ń rí lójú àlá. Ìyá ọkọ tí a jọ ń gbé, tí ọ̀rọ̀ sì wà láàárín wa, kò lè ṣàì wọ inú àlá wa.

Òfin Mósè béèrè ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta kí a tó dá ènìyàn lẹ́bi (Deutarónómì 19:15), Pọ́ọ̀lù sì pa àṣẹ kan náà nípa ẹ̀sùn lórí àwọn alàgbà (1 Tímótì 5:19). Àlá kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí náà. Òfin ilẹ̀ wa pẹ̀lú sọ̀rọ̀. Abala 210 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún 2. Ní Oṣù Keje ọdún 2021, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tún gbé ìpinnu jáde lòdì sí ìwà ìkà tí ń tẹ̀ lé ẹ̀sùn àjẹ́. Wòlíì tí ó bá dárúkọ ènìyàn lórí àga ìwàásù nítorí àlá kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìkan ni òun sọ.

Owó náà tún wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dẹ́rù bà ọ́ pẹ̀lú ìtumọ̀ àlá, tí ó sì tún sọ iye owó tí yóò fi yí i padà, ọjà ni ó ń tà. Dáníẹ́lì sọ fún Bẹliṣásárì pé kí ó fi ẹ̀bùn rẹ̀ fún ẹlòmíràn (Dáníẹ́lì 5:17), ó sì ka ìwé náà fún un.

ÌLÀNÀ FÚN ALÁLÀÁ

1. Fi ìdúpẹ́ jí. Má ṣe sáré jáde lọ sọ àlá náà fún gbogbo ilé.
2. Kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, bí o ti rí i, láìfi kún un.
3. Wo ohun tí o ṣe, tí o gbọ́, tàbí tí o jẹ́ kí o tó sùn, àti oògùn tí o ń lò.
4. Gbàdúrà lórí rẹ̀, kí o sì fi wé Ìwé Mímọ́. Ìtumọ̀ tí ó bá sún ọ sí ìkórìíra, àwọ̀ tàbí ìgbẹ̀san kò ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá.
5. Bí ara bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, lọ sí ilé ìwòsàn. Obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ fi ọdún 12 wá ìwòsàn (Máàkù 5:25-34). Jésù kò bá a wí nítorí pé ó lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn.
6. Bí àlá kan náà bá ń padà wá, tí kò sì jẹ́ kí o sùn, sọ fún àlùfáà rẹ àti fún dókítà. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

ÌLÀNÀ FÚN ÀLÙFÁÀ ÀTI ÀWỌN OLÙDARÍ

1. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó mú àlá wá, ìṣòro ni ó mú wá; àlá ni ó fi bo ìṣòro náà.
2. Ẹ béèrè nípa ìlera, nípa ọ̀fọ̀, nípa gbèsè àti nípa ìjà inú ilé kí ẹ tó sọ ìtumọ̀ kankan.
3. Ẹ má ṣe dárúkọ ènìyàn, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí aríran inú ìjọ dárúkọ ẹnikẹ́ni ní gbangba.
4. Ẹ má ṣe gba owó lórí ìtumọ̀ àlá.
5. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan àgbàlagbà tàbí ọmọdé tí a ti ń fura sí nítorí àlá, ẹ lọ bẹ ẹni náà wò, kí ẹ sì dáàbò bò ó. Òun ni ó wà nínú ewu jù lọ nínú ilé náà.

ÌPARÍ

Jákọ́bù wo ẹ̀jẹ̀, ó sì ní ọmọ òun ti kú. Ọmọ náà ń gbé ní Íjíbítì, ó ń kó oúnjẹ pamọ́ tí yóò gba bàbá rẹ̀ là. Nígbà tí wọ́n padà rí ara wọn, Jósẹ́fù rọ̀ mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn, ó sì sunkún pẹ́ (Gẹ́nẹ́sísì 46:29). Omijé ọjọ́ náà kì í ṣe irú èyí tí Jákọ́bù ti ń sun láti ọjọ́ pípẹ́.

Nítorí náà, ará, bí o bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí omijé lójú àlá lóru òní, má ṣe yára parí ọ̀rọ̀. Gbàdúrà, yẹ ara rẹ wò, lọ bẹ ẹbí rẹ wò, kí o sì jẹ́ kí Ọlọ́run tí ìtumọ̀ jẹ́ tirẹ̀ tọ́ ọ sọ́nà. Kí Olúwa fún wa ní oorun àlàáfíà, kí ó sì nu omijé nù kúrò lójú gbogbo àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀ láàárín wa. Àmín.